BÍ ÒGIRI BÁ LANU, TA NI KÍ A SAN OWÓ FÚN?

Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fi ní kí n má dá a rò mọ́, kí n gbé e wá sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa, kí a jọ gbé e yẹ̀ wò.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, níbi tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan ń gbé ní Ganaja níhìn-ín, iná ti lọ, ooru sì mú. A gbé àga síta, a ń tàkúrọ̀sọ. Àbúrò kan láàrin wa tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa kọ̀ǹpútà sọ fún wa pé ẹnì kan wà tí wọ́n san dọ́là mílíọ̀nù 10 fún ní ọdún 2022. Kí ló ṣe? Ó rí àléébù nínú ètò owó kan tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì lọ sọ fún àwọn tó ni ín. Kò jí kọ́bọ̀. Ó sọ fún wọn ni, wọ́n tún ibẹ̀ ṣe, wọ́n sì sanwó fún un. Kíá ni ẹ̀gbọ́n kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ọ̀dẹ̀ ni! Gbogbo owó tó wà níbẹ̀ ló yẹ kó kó."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí ibùsùn, ẹ̀rín náà korò lẹ́nu mi. Mo bi ara mi léèrè pé, nígbà wo ni a dé ibi tí ẹni tó sọ òtítọ́, tó tún gba owó ńlá lé e lórí, di ọ̀dẹ̀ lójú ọmọ Yorùbá tó kàwé? Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Bí ẹ bá ti kà á tán, kí olúkúlùkù wa pinnu ẹni tó jẹ́ ọ̀dẹ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ètò owó náà, nítorí kì í ṣe gbogbo wa ló ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Gbogbo wa la mọ àjọ. Ìyá ẹlẹ́ja létí odò ń fún alájọ lówó lójoojúmọ́, alájọ ń fa igi sí káàdì rẹ̀, bí oṣù bá pé, ìyá gba owó rẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé ló so wọ́n pọ̀. Bí alájọ bá sá lọ, ó parí. Àwọn kan wá sọ pé kí a yọ alájọ kúrò, kí a yọ báńkì kúrò, kí a kọ òfin àjọ náà sínú kọ̀ǹpútà pé bí ẹnì kan bá fi èyí sílẹ̀, ìyẹn ni kó gbà. Kò sí ọ̀gá, kò sí akọ̀wé, kò sí ẹni tó jókòó sídìí kàǹtá. Àdéhùn tó ń dá ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ báyìí ni wọ́n ń pè ní smart contract. Èmi yóò máa pè é ní àdéhùn aládàáṣiṣẹ́. Orí ohun tí wọ́n ń pè ní blockchain ló ń gbé, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́, tí ẹnì kan kò lè dá ya ojú ewé kan nínú rẹ̀. Gbogbo ètò yíyá owó, pípààrọ̀ owó àti fífi owó pamọ́ tí wọ́n kọ́ lé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni ayé ń pè ní DeFi.

Ó dára. Ṣùgbọ́n ewu ńlá wà nínú rẹ̀. Àdéhùn aládàáṣiṣẹ́ kì í ṣe ohun tí a ní lọ́kàn, ohun tí a kọ ló ń ṣe. Alájọ tó jẹ́ ènìyàn, bí ó bá rí i pé nǹkan rú òun lójú, á ní, "Ẹ dúró ná." Àdéhùn inú kọ̀ǹpútà kò mọ "ẹ dúró ná." Àwọn àgbà sì ti wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ìlà kan tí a kọ ṣì ti tó láti jẹ́ ẹnu ògiri.

Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù ni ti The DAO ní ọdún 2016. Àwọn ènìyàn ti dá owó jọ sínú rẹ̀, nǹkan bíi dọ́là mílíọ̀nù 150. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ẹnì kan fa ether tó tó mílíọ̀nù 3.6 jáde nínú rẹ̀, èyí tí iye rẹ̀ nígbà náà lé ní dọ́là mílíọ̀nù 50. Kí ni àléébù náà? Ètò náà máa ń san owó fún ẹni tó béèrè kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti san án. Ẹ fojú inú wò ó. Ẹ ní ₦1,000 lọ́wọ́ alájọ. Ẹ na ọwọ́, ó kà á fún yín. Kí ó tó mú bírò láti kọ ọ́ sí káàdì, ẹ tún na ọwọ́. Ó wo káàdì, ó rí i pé ₦1,000 ṣì wà níbẹ̀, ó tún kà á fún yín. Ẹ tún na ọwọ́. Báyìí ni ó ṣe títí. Bí wọ́n bá ti gbé ìlà ìkọ̀wé ṣáájú ìlà ìsanwó, ọ̀ràn náà ì bá má ṣẹlẹ̀ rárá. Rògbòdìyàn tó tìdí rẹ̀ yọ le tó bẹ́ẹ̀ tí Ethereum fi pín sí méjì ní oṣù Keje ọdún náà.

Ìdí nìyí tí àwọn onílé fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò bá wọn wo ògiri. Èyí kì í ṣe ohun tuntun nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1983, ilé-iṣẹ́ Hunter & Ready ní Amẹ́ríkà polówó pé ẹni tó bá rí àléébù nínú ètò àwọn tó ń jẹ́ VRTX, àwọn yóò fún un ní ọkọ̀ Volkswagen Beetle, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní Ìjàpá. Àwàdà ni wọ́n fi ṣe, nítorí pé orúkọ kan náà ni òyìnbó ń pe kòkòrò, àléébù inú kọ̀ǹpútà àti ọkọ̀ Ìjàpá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1995, Netscape gbé irú ètò ẹ̀san bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn tó bá rí àléébù nínú ètò tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Donald Knuth pàápàá máa ń fún ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú ìwé rẹ̀ ní dọ́là 2.56. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n àwọn tó gbà á ń fi yangàn.

Ní ti DeFi, ní ìparí ọdún 2020, wọ́n dá Immunefi sílẹ̀, tó dà bí ọjà tí onílé àti aṣàwárí ti ń pàdé. Onílé yóò kọ ọ́ síta pé, "Ilé mi rèé. Apá ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò rèé. Bí ẹ bá rí ihò ńlá, iye báyìí ni n ó san. Bí ó bá jẹ́ kékeré, iye báyìí." Wọ́n máa ń gba onílé nímọ̀ràn pé kí ẹ̀san ihò ńlá máa súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tó wà nínú ewu. Nígbà tí ó fi di ọdún 2024, wọ́n kéde pé owó tí àwọn aṣàwárí ti gbà nípasẹ̀ ọjà náà ti lé ní dọ́là mílíọ̀nù 100.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú yín lọ sí ọjọ́ kan pàtó, ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdún 2022. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jay Freeman, tí àwọn tó ń lo iPhone látijọ́ mọ̀ mọ Cydia, rí ihò kan nínú Optimism. Ihò yìí lè jẹ́ kí ènìyàn máa dá owó sílẹ̀ lórí Optimism láti inú afẹ́fẹ́, iye tó bá wù ú, láìní òpin. Ní ọjọ́ náà, Freeman sọ fún àwọn tó ni ín. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fún un ní dọ́là 2,000,042.

Ní ọjọ́ kan náà gan-an, ẹlòmíràn rí ihò nínú Wormhole, afárá tí owó ń gbà kọjá láàrin Ethereum àti Solana. Òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣe bí ẹni tó ti fi owó lélẹ̀ ní òdì kejì afárá nígbà tí kò fi kọ́bọ̀ lélẹ̀, ó sì gbé ẹgbẹ̀rún lọ́nà 120 ether lọ, tí iye rẹ̀ lé ní dọ́là mílíọ̀nù 320. Àwọn tó ni afárá ránṣẹ́ sí i pé kí ó dá owó padà, kí ó gba dọ́là mílíọ̀nù 10. Kò dá wọn lóhùn. Jump, ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn wọn, ló fi owó tirẹ̀ dí àlàfo náà.

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yẹn kan náà, aṣàwárí kan tó ń jẹ́ satya0x rí ihò mìíràn lára afárá Wormhole yìí kan náà, ní apá ti Ethereum. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún apá kan ṣe ni, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé láti kọ orúkọ onílé sí i. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá kọ orúkọ tirẹ̀ síbẹ̀ ni yóò di onílé, yóò sì lè wó o, kí owó gbogbo ènìyàn há sínú rẹ̀ títí ayé. Ó sọ fún wọn nípasẹ̀ Immunefi. Wọ́n dí i lọ́jọ́ náà gan-an. Owó ẹnikẹ́ni kò sọnù. Dọ́là mílíọ̀nù 10 ni wọ́n san fún un. Òun ni ẹni tí àbúrò wa ń sọ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ní Ganaja. Òun ni ẹ̀gbọ́n wa pè ní ọ̀dẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí á bá ẹ̀gbọ́n wa ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Ìwé àkọsílẹ̀ blockchain ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Gbogbo ọ̀nà tí owó náà bá gbà ni ojú ń wò ó. Ìgbà tí olè bá fẹ́ sọ ọ́ di náírà tàbí dọ́là ni wọn yóò bi í pé, "Ta ni ọ́?" Ní ọdún 2016, Ilya Lichtenstein jí bitcoin tó lé ní 119,000 ní Bitfinex. Ilé ìpààrọ̀ owó ni ìyẹn, kì í ṣe DeFi, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò yàtọ̀. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́fà, ó ń fi owó náà pa mọ́ káàkiri. Ní oṣù Kejì ọdún 2022 ni wọ́n mú un, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Òtítọ́ ni pé àwọn kan wà tí ọwọ́ kò tẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá FBI ti Amẹ́ríkà sọ pé àwọn ará Kòríà Àríwá ló jí owó Ronin ní ọdún 2022 àti ti Bybit, tó tó bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là, ní ọdún 2025. Ṣùgbọ́n ìjọba odidi orílẹ̀-èdè ló wà lẹ́yìn wọn. Ìwọ tí o wà ní Ganaja, tí lánlọ́ọ̀dù ń lé kiri nítorí owó ilé, ta ló wà lẹ́yìn rẹ?

Lẹ́ẹ̀kejì, owó ta ni? Ẹ máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé owó inú kọ̀ǹpútà kò ní olówó. Ní ọdún 2023 àti 2024, Nàìjíríà ló ṣe ipò kejì ní àgbáyé nínú ìwọ̀n tí Chainalysis fi ń wo bí àwọn ará ìlú ṣe ń lo owó crypto. Ẹ ò rí i pé owó àwọn ènìyàn wa wà nínú rẹ̀? Lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ ní ọdún 2023, mélòó nínú wa ni ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn kò sáré lọ fi ìwọ̀nba tí wọ́n ní pamọ́ sí ọ̀nà dọ́là orí íntánẹ́ẹ̀tì? Àwọn àgbà ní, ẹni tó rí nǹkan he tó fẹ́ kú, kí ni kí ẹni tó sọ ọ́ nù ṣe?

Lẹ́ẹ̀kẹta, orúkọ. Freeman lè dúró lójú ayé sọ ohun tó ṣe. Olè ọjọ́ kejì oṣù Kejì kò lè sọ ọ́ fún ìyá tó bí i. Nínú àwọn méjèèjì, èwo ni ọ̀dẹ̀?

Wàyí o, mo fẹ́ kọjú sí apá kejì ọ̀rọ̀ mi, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn kan má gbà pẹ̀lú mi níbẹ̀. Àṣà kan ti gbilẹ̀ nínú ètò DeFi tí mo kà sí ìbàjẹ́. Bí olè bá kó owó tán, onílé á kọ̀wé sí i pé, "Dá ìdá mẹ́sàn-án padà, mú ìdá kan, a ó pè é ní ẹ̀san aṣàwárí." Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ẹnì kan kó nǹkan bíi dọ́là mílíọ̀nù 610 ní Poly Network. Ó dá owó náà padà, àwọn onílé sì ń pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Oníwà-Funfun, wọ́n fi dọ́là 500,000 lọ̀ ọ́, wọ́n tún ní kí ó wá di olùdámọ̀ràn àgbà fún àwọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ògiri Nomad lanu. Ẹni àkọ́kọ́ kó, àwọn tó kù wò ó, wọ́n da ohun tó ṣe kọ, wọ́n kàn yí àdírẹ́sì padà sí tiwọn, àfi bí ìgbà tí ọkọ̀ epo ṣubú lójú títì tí tọmọdé tàgbà ń gbé kẹ́ẹ̀gì sáré. Nǹkan bíi dọ́là mílíọ̀nù 190 ló lọ. Wọ́n tún sọ fún wọn pé ẹni tó bá dá ìdá mẹ́sàn-án padà, oníwà-funfun ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, dọ́là mílíọ̀nù 197 lọ ní Euler. Wọ́n fi ìdá kan lọ olè náà bákan náà, kí ó tó dá èyí tó pọ̀ jù padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Òkènè àti ọ̀nà Kàbbà lọ sílé nígbà ìsinmi, ẹ mọ orúkọ tí a ń pe owó tí a ń san kí a tó rí ohun tiwa gbà padà. Owó ìràpadà ni. Kì í ṣe ẹ̀bùn, kì í ṣe ẹ̀san, kì í ṣe owó iṣẹ́.

Ẹnì kan lè bi mí pé, "Bí ọmọ rẹ bá wà lọ́wọ́ ajínigbé, ṣé o kò ní san?" N ó san. Bí mo bá jẹ́ onílé Euler, bóyá ohun tí wọ́n ṣe ni èmi náà yóò ṣe, nítorí owó àwọn ènìyàn ni mo fẹ́ gbà padà. N kò bá wọn jà lórí sísan. Orí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni mo ti bá wọn jà. Bí a bá pe ajínigbé ní oníwà-funfun, orúkọ wo ló kù tí a ó pe satya0x? Bí ọmọ ọdún 19 bá sì rí i pé olóòótọ́ àti olè ń jẹ orúkọ kan náà, tí olè sì ń gba owó tó pọ̀ ju ti olóòótọ́ lọ nígbà mìíràn, ẹ̀kọ́ wo ni a kọ́ ọ?

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lè dojú rú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Avraham Eisenberg fa ohun tó lé ní dọ́là mílíọ̀nù 100 jáde ní Mango Markets. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìbò pé kí ó dá apá kan padà, kí ó sì mú nǹkan bíi dọ́là mílíọ̀nù 47. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní New York dá a lẹ́bi. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, adájọ́ fagi lé ìdálẹ́bi náà. Èmi kò pe ọ̀gbẹ́ni náà ní olè, ilé ẹjọ́ ti sọ tirẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé owó tí a bá dúnàá dúrà lé lórí lẹ́yìn tí ó ti kúrò nínú ilé, kì í ṣe ẹ̀san ìwárí. Ẹ̀san ìwárí ni èyí tí a ṣèlérí kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun.

Mo mọ̀ pé ẹjọ́ kì í ṣe ti olè nìkan. Àwọn onílé náà ní ẹ̀bi. Ọ̀rẹ́ mi kan, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa, rí ihò kan nínú ètò ilé-iṣẹ́ kan tó ti kọ ọ́ síta pé òun ń san ẹ̀san. N kò ní dárúkọ wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi kọ àlàyé rẹ̀, ó ń lọ pọ́n iná fóònù àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù aláago kan ní Ganaja Junction nítorí kò síná. Ó fi ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dí ihò náà. Ó kọ̀wé, wọn kò dáhùn mọ́. Nígbà tó sọ fún mi, omi ń bẹ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ pé olóòótọ́ ọ̀dẹ̀ ni?" N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà.

Èsì mi lónìí ni pé onílé tó ṣèlérí tí kò san, òun náà wà lára àwọn tó ń gbẹ́ ihò sára ògiri. Ó ń bá olè wá ọmọ iṣẹ́ ni. Nítorí náà, mo ní ohun mẹ́ta láti sọ fún irú wọn. Kí wọ́n kọ iye owó sílẹ̀ kedere kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn ti mọ àléébù kan tẹ́lẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rí ọjọ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n hàn. Kí iye náà sì tó èyí tí ó lè mú ọkàn ẹni tí ebi ń pa dúró. Ẹni tí ilé rẹ̀ ní dọ́là mílíọ̀nù 100 nínú, tí ó ní òun yóò san 500 fún ẹni tó bá rí i pé ilẹ̀kùn kò ní kọ́kọ́rọ́, ó fẹ́ kí wọ́n ja òun lólè ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ àwa akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má ṣe ka ọ̀rọ̀ mi tán, kí ẹ sì máa ti ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn kiri. Òfin ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015 wà ní Nàìjíríà. Abala kẹfà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó bá fi èrò jìbìtì wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Ìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún tàbí owó ìtanràn mílíọ̀nù 5 náírà, tàbí méjèèjì, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè ní, "Èmi kò ní èrò jìbìtì." Ó dára, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mú yín ni ẹ ó máa ṣàlàyé ohun tó wà lọ́kàn yín. Àṣẹ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ètò ẹ̀san tí onílé kọ síta ni àṣẹ yín. Bí kò bá sí ìwé náà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ó bá sì wà, ẹ má kọjá ààlà rẹ̀. Ẹ dá ẹ̀dà ètò náà sórí kọ̀ǹpútà tiyín, kí ẹ máa dán an wò níbẹ̀, kí ó má jẹ́ lórí owó ẹlòmíràn.

Ní ti owó crypto fúnra rẹ̀, nǹkan ti yí padà. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn báńkì ti àpò àwọn tó ń ṣòwò rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, wọ́n tú àṣẹ náà. Ní ọdún 2025, òfin tuntun lórí ìdókòwò gbé e sábẹ́ àkóso àjọ SEC. Nítorí náà, ẹni tó bá gba ẹ̀san rẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́ kò nílò láti máa sá kiri.

Ṣé iṣẹ́ yìí rọrùn? Rárá o. Àwọn tó gba mílíọ̀nù kò pọ̀. Ẹlòmíràn á ka ìlà ètò títí oṣù á fi parí, kò ní rí nǹkan kan. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi torí rẹ̀ pa ìwé tì. Ṣùgbọ́n ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè wà ní ìkáwọ́ wa: kí a kọ́ èdè Solidity, kí a mọ bí àdéhùn ṣe ń ṣiṣẹ́, kí a ní sùúrù, kí a sì lè kọ àlàyé tó yéni. Àwọn àdéhùn náà ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kà. Àwọn àlàyé ihò àtijọ́, ti The DAO, ti Wormhole, ti Euler, gbogbo rẹ̀ wà níta lọ́fẹ̀ẹ́. Mo rọ ẹgbẹ́ wa pé kí a ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, kí àwọn tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà máa kọ́ àwọn tí kò mọ̀, ní èdè Yorùbá. Bí mo bá lè fi káàdì alájọ ṣàlàyé The DAO, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ yóò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbogbo ẹni tó gbé Ganaja ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ló mọ ohun tí ojú wa rí. Odò Ọya àti Bẹ́núé kún àkúnya, ọ̀nà Ganaja di odò, ọkọ̀ ojú omi ni a ń wọ̀ níbi tí kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà ti ń ná. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọdún 2012 kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn onílé. Lẹ́yìn tí omi ti wọlé, gbogbo ẹnu ló ń sọ ohun tó yẹ kí a ti ṣe. Ẹni tí a nílò ni ẹni tó rìn kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó rí i pé ibì kan ti ya, tó sì wá kan ilẹ̀kùn onílé. Ẹni yẹn ni kí a san owó fún. Kí a san án dáadáa, kí a san án kíá, kí ẹnikẹ́ni má sì tún pè é ní ọ̀dẹ̀ lójú mi mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn yóò ka ìwé yìí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Bí iná bá tún lọ lálẹ́ òní, ẹ gbé àga síta, kí a máa bá a lọ.

Ire o!